Àdá Tí Mo Rọ Fún Àna Mi

Tí ẹ bá dé Agbogbloshie, ẹ má béèrè ọ̀nà ilé àrọ mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró, kí ẹ tẹ́tí. Òòlù tó bá ń dún ju gbogbo òòlù yòókù lọ, tèmi ni. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá àbúrò bàbá mi ní Accra, irin ni mo ń lù. Ìwé ò pọ̀ lórí mi, mo kúrò nílé ìwé kí tíṣà tó mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ mú sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù wá fún mi, kí ẹ lọ jẹun. Kí ẹ tó padà dé, á ti di àdá tó lè gé ọrùn àgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ẹni tó bá ní òun wà, kó mú àdá rẹ̀ wá, ká fi ẹnu rẹ̀ kan tèmi, ká wo èyí tí yóò fọ́.

Nínú gbogbo àdá tí mo ti rọ, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó gba ẹ̀mí lọ́wọ́ mi, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ torí ẹni tó ni ín pàdánù ìyàwó mi.

Ọmọ òkè Akuapim ni ìyàwó mi, láti abúlé kan lókè Aburi níbi tí a ti ń wo gbogbo Accra nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ san àdá akonta. Akonta ni wọ́n ń pe arákùnrin ìyàwó ẹni, òun náà a sì máa pe ọkọ arábìnrin rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ti fi àdá ṣọ́ arábìnrin rẹ̀ láti kékeré, kí ẹni tó ń mú un lọ wá san iṣẹ́ àdá náà. Owó ni gbogbo ayé ń san. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mú owó dání. Ṣùgbọ́n èmi alágbẹ̀dẹ, kí wọ́n dárúkọ àdá níwájú mi, kí n wá na bébà nìkan sí wọn? Mo rọ ọ̀kan. Mo fi ìwo ẹfọ̀n ṣe èèkù rẹ̀. Nígbà tí mo tú u nínú aṣọ láàárín àwọn àgbà, gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Akonta mi, tí kò tíì ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ nígbà náà, fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó lá a, ó wò mí, ó ní, "Alata, ara rẹ ni màá kọ́kọ́ dán eléyìí wò." Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, àna mi.

Níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í bá àna ṣeré. Àna ẹni ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, a ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá mi kì í jẹun lójú àna rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé tí àna bá bú ọ, kí o dúpẹ́. Tó bá gbá ọ létí, kí o béèrè bóyá ọwọ́ ń dùn ún. Mo mọ̀ pé tàwọn ará ibí yàtọ̀. Mo rí wọn ní Agbogbloshie. Èébú ni akonta fi ń kí akonta rẹ̀, wọn á máa ti ara wọn kiri, ọ̀kan á já ẹran nínú ọbẹ̀ èkejì. Mo wò wọ́n, mo ní àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo ní èmi tí wọ́n bí dáadáa ò ní ya irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, gbogbo ọdún tí akonta mi fi ń bú mi, ìdúpẹ́ ni mo fi ń dá a lóhùn. Ó pè mí ní ajá tí kò lẹ́yìn, mo dúpẹ́. Ó ní ológbò ló ya ilà ojú mi, mo dúpẹ́. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo lágbára ju ẹni mẹ́ta lọ, ọwọ́ mi yìí ti gbé ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọwọ́ òkú.

Lọ́jọ́ kan ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé àrọ mi, kí n bá òun pọ́n àdá náà. Níwájú gbogbo àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń ra irin, ó ní irùngbọ̀n mi dà bí ti òbúkọ tó ṣubú sínú ààrò, ó ní àánú arábìnrin òun ń ṣe òun nítorí ohun tó ń kọ́kọ́ rí láràárọ̀. Àwọn ènìyàn wò mí pé kí ni màá sọ. Mo gbé òòlù sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú èédú. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ẹ ṣeun."  Ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, ó mú àdá rẹ̀ láìpọ́n, ó lọ. Mo dìde, mo kọjú sí irin tó wà nínú iná, mo lù ú títí ó fi di nǹkan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sí i ni ìyàwó mi gòkè lọ síbi òkú àǹtí rẹ̀, kò sì padà. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní arákùnrin òun ti sọ fún gbogbo ilé pé òun ò lè dá arábìnrin òun padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá òkú sọ̀rọ̀. Mo ní kí ni mo ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ ni. Ó ní ọ̀nà kan ló kù. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọkùnrin ilé wọn máa ń rìn yí ilẹ̀ ẹbí ká. Wọn á ṣán ààlà, wọn á gbin pèrègún síbi tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti kú, wọn á jẹun ọ̀sán ní ṣọ́pù-baà, ilé oúnjẹ tó wà ní oríta, tí í ṣe ìdajì ọ̀nà, wọn á sì tún fi ẹsẹ̀ rìn padà dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti jáde. Ọkọ ọmọ ilé máa ń bá wọn lọ. Èmi ò lọ rí. Ọtí ìgò ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ó ní tí mo bá yí i ká pẹ̀lú wọn, tí mo sì ṣe bí ènìyàn, màá mú òun sọ̀ kalẹ̀. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu mọ́.

Mo wọ tòròtòrò, ọkọ̀ èrò wọn, ní ibùdókọ̀ Tẹ́mà Ṣítéṣọ̀n lẹ́bàá ọjà Makola. Nígbà tí mo dé, akonta mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ rin, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun mi. Ó kùn bí ajá, ó yípadà wọlé. Ìyàwó mi jáde láti ibi ààrò, ó rí ẹrẹ̀ láyà mi, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó máa ń yẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu sọ ọ́ jẹ́jẹ́:

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá bú yín lónìí, ẹ bú u padà."

Mo ní ilé rere ni mo ti wá. Ó kẹ́yìn sí mi, ó padà sídìí iná.

Àwa mẹ́ta la rìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Wọ̀fà, ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá. Òun ló mọ gbogbo ìdí igi tó wà lẹ́bàá ààlà náà. Akonta mi tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá tí mo rọ. Èmi ni mo kẹ́yìn. Àdá tí wọ́n fún mi, àdá ọjà ni, irin rẹ̀ rọ̀ bí páànù, kò mú. Akonta ló mọ̀ọ́mọ̀ mú un fún mi. Ó ní alágbẹ̀dẹ tí kò lè gé koríko, ṣé àmàlà ló ń rọ ní Accra ni? Mo ní ẹ ṣeun. Mo fi páànù yẹn ṣán igbó, mo sì ṣán an ju òun lọ, nítorí pé agbára ni mo fi ń ṣán an, kì í ṣe ẹnu.

Ọ̀nà náà gun òkè, ó sọ̀ sí àfonífojì, ó tún gun. Òórùn ewé tí a gé gba gbogbo imú wa. Ní ìdí pèrègún kan, paramọ́lẹ̀ kan ká jọ. Wọ̀fà ò tíì na ọ̀pá tán tí akonta fi gé ejò náà sí méjì. Mo rí i bí àdá mi ṣe wọlé, mo sì yangàn nínú ara mi. Orí ejò bọ́ sílẹ̀, ó ṣì ń la ẹnu, ó ń bu ìdí ọ̀pá jẹ. Akonta gbé ìdajì tó kù, èyí tó ṣì ń ta, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tutù, ó ṣàn lọ sínú ẹ̀wù mi. Mo mú un kúrò, mo jù ú sígbó.

"Ẹ ṣeun, àna mi."

Wọ̀fà wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tí ibà ń ṣe.

A rìn síwájú. A dé ibi tí aládùúgbò kan ti fa pèrègún tu, tó sì ti gbin ẹ̀gẹ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Akonta mi bọ́ sínú oko náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ń gé ẹ̀gẹ́ lórúnkún, oje funfun ń ta sí i lójú. Bó ṣe ń gé e ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí ẹ̀gẹ́. Ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe ẹni tó wọlé ẹni tí kò sì fẹ́ mọ onílé. Ó gé e títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ mi, àdá kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó gé etí ṣòkòtò mi bọ́ sílẹ̀. Ó ń dúró kí n sá. Mi ò sá. Mo dúró gbọin bí igi ọ̀gánwó. Ó ní ṣé kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú mi ni? Mo ní kí Ọlọ́run fún àna mi lókun. Ó gbé àdá sókè, ó sọ ọ́ mọ́ ìdí ọ̀pẹ, ó wọlé dé ìdajì. Òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tì í kó tó lè fà á yọ.

Báyìí la ṣe dé ṣọ́pù-baà ní oríta. Àwọn ọkùnrin méjì ń gún fùfú, ìyá tó ni ibẹ̀ ń fi àáké gé ọ̀yà yíyan, eegun ń fò. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé ọbẹ̀ wá nínú àwo amọ̀, wọ́n gbé ẹmu wá nínú igbá. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ mọ akonta mi, wọ́n sì mọ̀ pé èmi ni Alata tí wọ́n ń sọ. Gbogbo ojú wà lára mi.

Akonta na ọwọ́ sínú àwo mi, ó mú ẹran tó tóbi jù, ó jẹ ẹ́, ó sì ju eegun padà sínú ọbẹ̀ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, àna mi."

Ẹ̀rín náà kú. Ojú akonta yí padà; mi ò rí irú rẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Láti ọjọ́ tí o ti mú arábìnrin mi lọ, o ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ó dáa. Kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ mọ́. A ó wá ọkọ mìíràn fún un, tó ní ẹnu." Ó gbé igbá ẹmu, ó rọra dà á lé mi lórí títí ó fi tán.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Orí mi ló kọ́kọ́ lọ, ó sì bá a lẹ́nu. Eyín kan bọ́ sínú ọbẹ̀. Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n, ó ti jí." Ó fi ẹ̀ṣẹ́ kàn mí nísàlẹ̀ ìhà, mo rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. A gbé bẹ́ǹṣì ṣubú, a gbé ìkòkò ọbẹ̀ ṣubú, ọbẹ̀ gbígbóná bó mi lẹ́sẹ̀, awọ rẹ̀ ṣí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lù mí, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò gbọ́ ẹ̀rín, mi ò gbọ́ àtẹ́wọ́. Gbogbo ẹ ṣeun tí mo ti sọ láti ọdún wọ̀nyí ti di irin pupa nínú ìka mi. Mo gun orí rẹ̀, mo di ọ̀fun rẹ̀ mú, mo fún un. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ yọ síta. Ọwọ́ rẹ̀ ń táràrà nílẹ̀ títí ó fi bá àdá.

Ó fi pẹ̀lẹ́bẹ́ rẹ̀ nà mí lẹ́yìn, bí a ṣe ń na ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò rìn. Pẹ̀lẹ́bẹ́ ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, irin mi ni mo mọ̀ lára, mo mọ bó ṣe wúwo tó, mo mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ lè ṣe, mo ní mo ti kú. Mo fò dìde, mo já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gún fùfú, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí òòlù. Apá tó gbé sókè ló bá. Mo mọ ìró gbogbo ohun tó ń ṣẹ́. Irin máa ń ké. Eegun ò ké, ó ń dún bí igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Mo tún gbé ọmọ odó sókè.

Wọ̀fà, tí kò tíì kúrò nídìí fùfú rẹ̀, fọ ọwọ́. Ó wá dúró láàárín wa. Ó ní, "Ó tó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. O kó o pamọ́ títí ó fi di ọmọ odó."

Mo ní ó bú mi. Mo ní kò sí èébú tí kò bú mi tán.

"Kí lo rò pé a fi ń kí akonta? Ẹni tí kò bú akonta rẹ̀ padà ń sọ fún un pé kò já mọ́ nǹkan kan lójú òun. O ti sọ ọ́ fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. O tún wá ń dọ̀bálẹ̀ lé e."

 Ọmọ odó wúwo lọ́wọ́ mi, mo gbé e fún ẹni tó ni ín. Ìyá tó ni ṣọ́pù-baà fi ẹ̀gbin bú mi, ó yẹ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé ìkòkò rẹ̀ dìde. Wọ̀fà la ọparun, ó tò ó mọ́ apá náà. Èmi ni mo fa ẹ̀wù mi ya tí a fi dì í. Nígbà tí Wọ̀fà fà á kí eegun bọ́ sípò, akonta mi bu èjìká mi jẹ kó má baà ké. Àpá eyín rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, àlàfo kan láàárín.

Mo rò pé wọn á wá ọkọ̀. Akonta ló kọ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun, ó ní ilẹ̀ tí a rìn dé ìdajì burú ju èyí tí a ò rìn lọ, kò sí aládùúgbò tí yóò tún ka ààlà wọn sí. A ó yí i ká tán. Báyìí ni èmi mú àdá tí mo rọ, mo sì ṣáájú. Ẹ ò rí igbó tí mo ṣán lọ́jọ́ náà. Mo gé fún ọwọ́ méjì. Ẹsẹ̀ tí ọbẹ̀ bó ń ta mí bí iná, ẹ̀yìn mi wú, mo sì ń gé.

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹlẹ̀. Ó ní ìdí mi ń mì bí ti arúgbó obìnrin tó pẹ́ sọ́jà.

Mo dúró. Wọ̀fà wúkọ́. Mo yíjú padà, òógùn bò mí ju ti ìgbà tí mò ń jà lọ. Mo ní apá tirẹ̀ náà dà bí itan adìyẹ tí ajá gbé sílẹ̀, eyín tó bọ́ yẹn sì ti la ọ̀nà fún un láti máa súfèé bí ẹyẹ láìṣu ètè jọ.

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ìrora fi gbé e kúnlẹ̀, ó bì sídìí pèrègún. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ọdún mélòó ni o ti ń kó ìyẹn jọ?"

Oòrùn ti ń tutù nígbà tí a wọlé. Ìyàwó mi rí èmi tí mi ò lẹ́wù, ó rí ọparun lápá arákùnrin rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Akonta ní òun ṣubú lu akonta òun. Ìyàwó mi fa igi ìdáná yọ, ó fi là mí léjìká, ó yí sí arákùnrin rẹ̀, ó là á ní èjìká tó ṣì dára. Igi náà ṣẹ́. Ó ju èyí tó kù sílẹ̀, ó kọjú sí mi.

"Apá tí ẹ dá yẹn ló ń ro oko tí ìyá mi ń jẹ. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa ro ó. Ọjọ́ tí arákùnrin mi bá fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́ ni màá tẹ̀ lé yín lọ, kì í ṣe ṣáájú."

Mo ro ó. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń pa iná àrọ, tí mo ń gòkè. Kò sí àgbẹ̀ tí ebè rẹ̀ gún tó tèmi ní gbogbo òkè yẹn, ẹ lọ béèrè. Akonta á jókòó sábẹ́ igi, á máa bú ebè mi, á máa bú babańlá ẹni tó kọ́ mi. Mo ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, ó di pé àwọn tó ń kọjá lọ ń dúró gbọ́ èmi.

Apá náà ò tíì san dáadáa tó fi dìde lọ́jọ́ kan, tó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi lójú arábìnrin rẹ̀. Ó kọ ebè kan ṣoṣo. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń lọ eyín rẹ̀. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó ní, "Mú un lọ, kí etí mi sinmi." Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀, tí a jọ wọ tòròtòrò sọ̀ kalẹ̀. Apá náà wọ́ títí di òní nítorí ebè kan yẹn.

Ó ṣì máa ń wá sí Agbogbloshie wá pọ́n àdá rẹ̀. Tó bá ti yọ lókèèrè, mo máa ń gbé òòlù sílẹ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú, nítorí bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, n kò sì ní fi í sílẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti máa ń béèrè pé ta ló wọ́ arọ alápá wíwọ́ yìí wá sí ìsọ̀ mi. Á gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́yìn, síbi tí pẹ̀lẹ́bẹ́ bà, á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, á ní kí n dìde, kí n wá fi iṣẹ́ mi hàn án, bí mo bá mọ iṣẹ́ kankan.